Òórùn Inú Ìgò Jámánì

Bọ́lá ti bu ṣúgà ṣíbí méjì sínú ife tirẹ̀, ó sì ti ń rò ó, kí Oyèbísí tó gbójú sókè rí i.

"Bọ́lá, kí lò ń ṣe yẹn?"

"Mò ń tún un ṣe ni. Bísí, nǹkan yìí kan. Ó kan bí ọsàn wẹ́wẹ́. Ta ló ń mu irú èyí?"

Oyèbísí gba ife náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó dà á nù. Inú ń bí i. Ìgò kan ṣoṣo ni wọ́n fún un, wọ́n ti mu ún dé ìdajì, kò sì tíì rí ọ̀rọ̀ gidi kan kọ sílẹ̀. Aago mẹ́ta ọ̀sán Sátidé ti lù. Aago márùn-ún ni Màdáámù Nkiru ń retí àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ̀.

Màdáámù Nkiru ló ni ilé oúnjẹ tí Oyèbísí ti ń gbé oúnjẹ fún oníbàárà ní Idaw River Layout, láti ìgbà tó ti parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀. Màdáámù ra wáìnì funfun láti Jámánì, ó sì ní nínú àwọn mẹ́ta tó ń gbé oúnjẹ, ẹnì kan ṣoṣo lòun yóò fi sẹ́nu iṣẹ́: ẹni tó bá lè sọ fún oníbàárà bí wáìnì náà ṣe rí. Ó fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ìgò kan lọ sílé. Ó ní kí wọ́n mu ún pẹ̀lú àwọn tí kò ní í tàn wọ́n jẹ, kí wọ́n má sì wo íńtánẹ́ẹ̀tì, nítorí òun yóò mọ̀.

Ta wá ni Oyèbísí ní ní Enugu? Bọ́lá ni, tí wọ́n jọ sin ìjọba, tí kò mu ju ẹlẹ́rìndòdò lọ rí láyé rẹ̀. Mark ni, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Achara Layout níbí, tí bàbá bàbá rẹ̀ ṣiṣẹ́ rélùwéè, àmọ́ tí Yorùbá tirẹ̀ kì í kọjá ìkíni.

"Mark, ìwọ ńkọ́? Jọ̀ọ́, kí lo gbọ́ lẹ́nu?"

Mark lá ètè. "E be like wine."

"Mo mọ̀ pé wáìnì ni."

"Na wetin you ask me. Food no dey?"

Oyèbísí jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Ó dùn ún wọra. Ìwé-ẹ̀rí yunifásítì rẹ̀ wà nínú àpótí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì yẹn kan náà, síbẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ wá so kọ́ sórí ahọ́n ọkùnrin méjì tó gbà pé ohun mímu tí kò bá dùn, ẹ̀ṣẹ̀ ló dá.

Ẹnu ọ̀nà ni Halimah, aládùúgbò rẹ̀, jókòó sí ní tirẹ̀. Halimah kì í mutí, kì í sì í sún mọ́ ibi tí wọ́n ti ń mu ún. Lọ́fíńdà ló ń pò tà. Okpa gbígbóná, mọ́ínmọ́ín àwọn Ígbò, tó rà ní Ninth Mile ló ń jẹ, kò dá sí wọn. Ìgbà tó yá ló gbé imú sókè.

"Bísí, ta ló da kẹrosíìnì síbẹ̀ yẹn?"

"Kẹrosíìnì wo?"

"Èyí tó ń rùn nínú ife yín. Láti ìgbà tẹ́ ẹ ti ṣí ìgò yẹn ló ti ń dé ọ̀dọ̀ mi."

Bọ́lá ti imú bọ ife Mark. Ojú rẹ̀ yí padà. "Òótọ́ ni. Bísí, ẹ̀gbẹ́ sítóòfù lo gbé e sí."

"Gáàsì ni mò ń lò."

"A jẹ́ pé inú kẹ̀kẹ́ Márúwá tó o wọ̀ ló ti kó o."

"E don spoil," ni Mark wí, ó sì rọra ti ife náà jìnnà sí ara rẹ̀. "Na fake. Make we no die."

Kàkà kí ewé àgbọn dẹ̀, líle ló ń le sí i. Bọ́lá ti fa fóònù yọ. "Wò ó, wọ́n kọ ọ́ síbí. Ápù àti òdòdó. Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ó parí. Àwọn méjì yòókù ń kọ ọ́ lọ́wọ́ báyìí."

Oyèbísí kọ ápù, ó kọ òdòdó. Ó wò ó títí, ó pa á rẹ́. Ó ti rẹ̀ ẹ́, kò sì lágbára irọ́ mọ́. Ó kọ ọ́ pé kẹrosíìnì ló ń rùn nínú wáìnì náà, pé òun kì í lo kẹrosíìnì nílé, pé bó bá ti bàjẹ́, kí Màdáámù má gbé e fún oníbàárà. Ó fi ránṣẹ́.

Bọ́lá káwọ́ lérí. "O ti fọwọ́ ara rẹ lé ara rẹ kúrò níṣẹ́."

Kò pé ìṣẹ́jú márùn-ún tí fóònù dún. Gẹ̀ẹ́sì ni Màdáámù ń sọ, ohùn rẹ̀ sì kún inú yàrá.

"Àwọn méjì yòókù ti fi tiwọn ránṣẹ́. Ápù ni àwọn méjèèjì kọ. Oyèbísí, wáìnì yẹn ò bàjẹ́. Bí irú rẹ̀ bá ti pẹ́ nínú ìgò, bó ṣe máa ń rùn nìyẹn. Ta ló gbóòórùn rẹ̀?"

Bọ́lá ń nàka sí àyà Oyèbísí, ó ń mi orí kíkankíkan. Halimah náà sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́ láti ẹnu ọ̀nà: "Sọ pé ìwọ ni. Èmi ò wáṣẹ́ ibi tí wọ́n ti ń ta ọtí."

"Ọ̀rẹ́ mi ni, Mà," ni Oyèbísí wí. "Kì í mutí rárá."

Bọ́lá fẹ̀yìn ti ògiri.

"Ìwọ ńkọ́?" ni Màdáámù béèrè. "Kí ni imú tìrẹ gbọ́?"

Ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé Oyèbísí pé ẹnu ẹlẹ́nu lòun ń wò látọ̀sán. Ẹ̀ẹ̀kan péré lòun fẹnu kàn án, lórí ìdúró, nígbà tí òun ń bù ú fún Bọ́lá àti Mark.

"Ẹ jọ̀ọ́, Mà, ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú kan."

Ó gbé ife, ó dijú. Mark fẹ́ sọ̀rọ̀, ó nawọ́ dá a dúró. Kẹrosíìnì kọ́kọ́ wá, ó sì kọjá. Nǹkan míì wà lábẹ́ rẹ̀.

"Òjò ni, Mà. Òjò àkọ́rọ̀, nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kan páànù gbígbóná."

Oyèbísí gbọ́ bí Màdáámù ṣe ń da nǹkan sínú ife lọ́hùn-ún. Ó gbọ́ bó ṣe fa òórùn símú, tó pẹ́.

"Aago mẹ́jọ lọ́jọ́ Ajé," ni Màdáámù wí. "Má pẹ́."