Ìdọ̀bálẹ̀ Lórí Òkè Pósà

Ní ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ kẹjọ oṣù Jánúárì, ọdún 1955, wọ́n sá eré ọlọ́nà jíjìn yí ìlú Ẹ̀pẹ́ po. Ọyẹ́ mú débi pé ètè àwọn tó ń sáré là. Bísíríyù ló wà níwájú. Látìgbà tó ti fi iṣẹ́ ẹja sílẹ̀, tó lọ ń ránṣọ ní Ìkòròdú, bàbá rẹ̀ kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Ó gbà pé bí òun bá ṣe ipò kìíní lójú gbogbo ìlú, bàbá òun yóò tún pe òun lọ́mọ.

Bó ṣe gun òkè Pósà dórí, bàbá ló rí lẹ́bàá ọ̀nà, àwọ̀n wà léjìká wọn. Ọmọ tí a kọ́ kì í sáré kọjá baba rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ sórí iyanrìn tútù.

"Ẹ kú àárọ̀, Bàbá."

Wọn ò dáhùn, kò sì lè dìde láìjẹ́ pé wọ́n dá a lóhùn. Ẹsẹ̀ àwọn tó wà lẹ́yìn ń dún kọjá létí rẹ̀.

"Télọ̀, ṣé o ti dé mọ́ṣáláṣí ni?" Ọ̀kan nínú àwọn tó ń sáré kọjá ló fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Nígbà tó gbójú sókè, ẹ̀yìn bàbá ló rí, wọ́n ń sọ̀kalẹ̀ lọ sétí ọ̀sà.

Bó ṣe pàdánù eré náà nìyẹn, àti bàbá rẹ̀.