Ògbùfọ̀ Orin Agatha

Bí o bá pe Fọláwẹ̀mí ní ẹlẹ́nu méjì, o ò bú u. Iṣẹ́ rẹ̀ lo dárúkọ. Òun ni ògbùfọ̀ ìjọ. Bí Baba Bámigbóyè, alákòóso wọn, bá ti fi Yorùbá etí òkun Ìlàjẹ la ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀, Fọláwẹ̀mí á sọ ọ́ di Pidgin fún àwọn ọmọ Wàrì tó jókòó sẹ́yìn. Bí ọ̀rọ̀ Baba bá sì ta jù, á bomi díẹ̀ lé e, bí ìgbà tí ata bá pọ̀ lọ́bẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni kò bomi lé. Nígbà tí Akínsànmí ọkọ rẹ̀ ń ṣàìsàn, yàrá àdúrà ni ìjọ tì í mọ́, wọ́n ní kò gbọdọ̀ rí dókítà, títí ẹ̀mí fi bọ́. Baba wá dúró ti pósí, ó ní, “Ìgbàgbọ́ rẹ̀ ló kéré.” Fọláwẹ̀mí, tí ojú rẹ̀ ti wú fún ẹkún, yíjú sẹ́yìn: “Him faith small.” Iṣẹ́ niṣẹ́.

Agatha, ọmọbìnrin rẹ̀, gbọ́ ọ. Kò sunkún. Orin ló lọ kọ.

Ẹ̀yìn ilé mẹkáníìkì kan lọ́nà Sapele ni òun àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti kọ ọ́. Pọ́ńkì ni wọ́n ń pè é: gìtá ń han bí irin tí wọ́n ń rẹ́, ìlù ń sáré bí ẹni tí oyin lé, Agatha sì ń lọgun bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó. Láti fóònù dé fóònù, orin náà la àdúgbò Okumagba Layout já, ó sì dé etí àwọn àgbà ìjọ.

Wọ́n pe ìyá àtọmọ síwájú lẹ́yìn ìsìn. Òfin wọn kò ṣàjèjì: ẹni tí ìjọ bá lé, ará ìjọ kankan kò gbọdọ̀ gbà á sílé, ìyá rẹ̀ pàápàá.

“Ìyá Agatha,” Baba ní, “ariwo la gbọ́, a ò gbọ́ ọ̀rọ̀. Orúkọ ìjọ wa nìkan ló yé wa. Túmọ̀ rẹ̀.”

“Baba, eré ọmọdé ni.”

“Ọmọdé wo ló ń dún bí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi tí kò lépo? Túmọ̀ rẹ̀, jàre.”

Wọ́n fi fóònù sí sípíkà; ẹni tí kò bá mọ orin náà tẹ́lẹ̀, ariwo lásán ni yóò gbọ́. Ìyá àgbà kan di gèlè rẹ̀ mú.

*Una lock my papa for prayer room.*

Fọláwẹ̀mí yíjú sí àwọn àgbà. “Ó ní, nínú yàrá àdúrà ni bàbá òun ti rí ìsinmi.”

“Àmín,” ni ìjọ wí.

*Una watch am die, una dey sing.*

“Ó ní, ẹ dúró tì í títí dópin, ẹ sì fi orin sìn ín.”

Kí orin tó parí, àwọn ìyá ìjọ ti ń nu ojú. Baba dìde. “Ẹ̀bùn lèyí. Kí ẹgbẹ́ akọrin kọ́ ọ. Sọ́ńdè tó ń bọ̀ la ó kọ ọ́.”

Fọláwẹ̀mí mí kanlẹ̀. Ó wojú ọmọ rẹ̀, kí wọ́n lè jọ rẹ́rìn-ín sábẹ́ ahọ́n. Omijé ló bá níbẹ̀.

Láti kékeré, Pidgin ni Agatha fi ń dáhùn gbogbo Yorùbá tí wọ́n bá sọ sí i. Ó dìde.

“Irọ́ ni,” ó ní, Yorùbá náà wọ́ lẹ́nu rẹ̀. “Mo ní ẹ ti ilẹ̀kùn mọ́ bàbá mi. Ó ń bẹ̀ yín, ẹ ń kọrin. Ó kú tán, ẹ ní ìgbàgbọ́ rẹ̀ kéré. Ẹnu màmá mi lẹ yá, tẹ́ ẹ fi sọ ọ́ fún mi.”

Ẹnìkan sọ̀rọ̀ láàárín àwọn ọmọ Wàrì lẹ́yìn, tí Yorùbá kò yé dáadáa: “Mama Agatha, wetin she talk?”

“Jókòó, Ìyá Agatha,” ni Baba sọ jẹ́jẹ́. “O ṣì nílé nínú ìjọ yìí. Jókòó.”

Kò jókòó. Ó gba máíìkì, ó sì yíjú sẹ́yìn.

“Una,” ó ní, “una lock my husband for that room.”