Òrùka Tí Bíṣọ́ọ̀bù Gbà Kọjá

Bíṣọ́ọ̀bù ni orúkọ ajá Ìyá Gunnild. Fádà wa kò fẹ́ràn orúkọ náà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti rí bí ajá yẹn ṣe ń jókòó lẹ́yìn oúnjẹ, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ rọ̀ wálẹ̀, tí kò sì sí ẹni tó lè lé e dìde, yóò gbà pé orúkọ bá a mu. Ohun kan ló fi yàtọ̀ sí bíṣọ́ọ̀bù gidi: ajá yìí ń ṣiṣẹ́. Òun àti ìyá arúgbó náà ni wọ́n ń da ẹlẹ́dẹ̀ gbogbo abúlé wa lọ jẹ èso igi óákù nínú igbó ọba, tí wọ́n sì ń dà wọ́n padà kí oòrùn tó wọ̀. Ẹlẹ́dẹ̀ kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ arúgbó. Ọ̀rọ̀ eyín ló ń gbọ́.

Òfin igbó ni ìṣòro ibẹ̀. Ẹni tó bá pa àgbọ̀nrín ọba ti wọ gàù, ìyẹn yé wa. Ṣùgbọ́n ajá tí kò tíì pa nǹkan kan, wọ́n ti dájọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ní ọdún mẹ́ta mẹ́ta ni ìjòyè méjìlá máa ń gẹṣin wá yẹ ajá wa wò. Ajá tó bá lè gba inú òrùka irin kan kọjá, ajá kékeré ni, kò lè lé àgbọ̀nrín bá, kó máa lọ. Èyí tí kò bá lè kọjá, wọ́n á gbé ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ lé pákó, wọ́n á gbé ṣísẹ́ẹ̀lì, irin ẹlẹ́nu mímú, lé e, wọ́n á fi òòlù gbá a lẹ́ẹ̀kan, èékánná mẹ́ta ti lọ nìyẹn. Ajá bẹ́ẹ̀ a máa tiro títí tí yóò fi kú. Ajá tó ń tiro kò sì lè da ẹlẹ́dẹ̀. Ìyá Gunnild kò ní ọmọ, kò ní ilẹ̀. Ahéré tó ń gbé pàápàá, nítorí ẹlẹ́dẹ̀ ni abúlé ṣe fún un. Bíṣọ́ọ̀bù kò tíì pé ọdún mẹ́ta, àyẹ̀wò àkọ́kọ́ rẹ̀ ló ń bọ̀ yìí, ó sì ga tó ọmọ màlúù.

Èmi Thurstan ni alágbẹ̀dẹ abúlé náà. Ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú àyẹ̀wò, Osbert, ẹ̀ṣọ́ igbó ọba, wọ ilé arọ mi. Ó ti sọ òrùka àtijọ́ nù sínú ẹrọ̀fọ̀ níbi tó ti ń lé ẹnì kan tó ń jí igi ṣẹ́. Kò rí ẹni náà mú, kò sì rí òrùka mọ́.

Ó ju ọ̀pá irin kan sílẹ̀, ó nípọn bí àtàǹpàkò. "Rọ òrùka fún mi. Bí irin yìí ṣe gùn gẹ́lẹ́ ni ti àtijọ́ ṣe gùn kí wọ́n tó ká a. Wò ó, mo ti fa ìlà sí orí rẹ̀ àti ìdí rẹ̀. Bó o bá fi irin mìíràn kún un, màá mọ̀."

"Ọ̀gá Osbert, ta ló máa fi irin tirẹ̀ kún irin ọba?"

"Ìwọ."

"Òótọ́ lẹ sọ."

"Màá sì jókòó tì ọ́ títí wàá fi parí."

"Ẹ jókòó, ọ̀gá. Bí ẹ bá ti jókòó náà, ẹ bá mi fẹ́ ẹwìrì."

Ó sì fẹ́ ẹ. Ó fẹ́ ẹ títí tí irin fi pọ́n bí ojú ọ̀mùtí. Mo gbé e lé orí owú, mo bẹ̀rẹ̀ sí í lù ú.

"Rọ ọ́ dáadáa o!" ni Osbert ń pariwo. "Èyí àtijọ́ ti ń sán. N kò fẹ́ kí èyí ṣẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́!"

"Ṣé kí n tún lù ú sí i ni?"

"Lù ú!"

Kò sẹ́ni tó kọ́ mi ní iṣẹ́ yìí. Ojú mi ni mo fi kọ́ ọ, àti iná tó ń jó mi. Ohun àkọ́kọ́ tí mo mọ̀ ni pé irin gbígbóná kì í ṣe igi. Bó o bá gé igi ní ìwọ̀n kan, yóò dúró síbẹ̀. Ṣùgbọ́n irin dà bí ìyẹ̀fun tí a pò: bó ṣe ń fẹ́lẹ́ sí i, bẹ́ẹ̀ ló ń gùn sí i. O kò fi nǹkan kún un, o kò yọ nǹkan kúrò. Bó bá sì fi ìka mẹ́ta gùn sí i, ihò òrùka rẹ̀ yóò fi bí ìka kan fẹ̀ sí i. Àwọn àgbà ní alágbẹ̀dẹ tó ń lu irin lójú kan, ó ní ohun tó fẹ́ fà yọ níbẹ̀. Osbert kò bá àgbà jókòó rí.

Nígbà tí mo ká a, tí mo sì jó orí mọ́ ìdí, ó gbé e wò. "Ó tín-ín-rín."

"Ẹ ní kí n rọ ọ́ dáadáa."

"Ìlà mi dà?"

"Ọ̀kan rèé. Èkejì rèé, níbi tí wọ́n ti fẹnu kan ara wọn."

Ó kan ìlà méjèèjì, ó lu òrùka mọ́ òkúta, ó dún gbọnrangandan. Inú rẹ̀ dùn, ó lọ.

Lọ́jọ́ kejì mo fi okùn wọn àyà Bíṣọ́ọ̀bù. Yóò kọjá, ṣùgbọ́n tipátipá. Mo sọ fún Ìyá Gunnild pé, "Ìyá, ẹ má fún un lóńjẹ púpọ̀ títí wọn yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò."

"Wọ́n fẹ́ gé ẹsẹ̀ ọmọ mi, ìwọ ní kí n tún febi pa á. Kúrò níwájú mi, Thurstan."

Ọjọ́ àyẹ̀wò pé. Gbogbo abúlé tú jáde síwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn ìjòyè méjìlá jókòó sórí bẹ́ǹṣì; Ìjòyè Fulk tó jẹ́ àgbà wọn ti ń tòògbé. Àwọn ajá kéékèèké kọjá. Ó kan Bíṣọ́ọ̀bù.

"Ìyá," ni Osbert wí, ó ń rẹ́rìn-ín, "ṣé ẹ ti kí èékánná ajá yín pé ó dàbọ̀?"

"Osbert ọmọ Sibil, èmi ni mo gbẹ̀bí rẹ. Orí rẹ tóbi jù, o há. N kò gé nǹkan kan kúrò lára rẹ o. Mo ní sùúrù ni."

Ẹ̀rín pa àwọn ìjòyè. Ìjòyè Fulk jí.

A ti orí Bíṣọ́ọ̀bù wọnú òrùka, ó wọlé. A ká ẹsẹ̀ kan, a fà á, èjìká kọjá. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu Osbert. Nígbà náà ni ó há, níbi ikùn.

Mo wo Ìyá Gunnild. "Kí lẹ fún un jẹ?"

"Ẹ̀wà díẹ̀."

"Báwo ni díẹ̀ náà ṣe tó?"

"Ìkòkò kan. Àti awọ ẹran. Mo rò pé oúnjẹ ìkẹyìn tó máa fi ẹsẹ̀ tó pé jẹ nìyẹn."

Bíṣọ́ọ̀bù jókòó tòun ti òrùka ní ìbàdí. Osbert ti mú ṣísẹ́ẹ̀lì.

"Kò kọjá!"

"Kò tíì kọjá ni," mo ní. "Òfin kò dárúkọ àkókò."

"Kò dárúkọ ẹ̀ lóòótọ́," ni Ìjòyè Fulk wí, "ṣùgbọ́n ebi ń pa mí. Tí mo bá mu ọtí inú ife yìí tán, ó parí."

Mo fi ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ pa ikùn ajá náà kó lè yọ̀. Ó yíjú, ó lá gbogbo rẹ̀, ó tún sanra sí i. Ìjòyè mu ọtí dé ìdajì. Osbert di òrùka náà mú gírígírí kó má baà yẹ̀, ó ń ka bí ìjòyè ṣe ń gbé ọtí mì.

Níwọ̀n bí gbogbo wa ti ń wo ajá, ta ló ń wo ẹlẹ́dẹ̀? Fádà figbe ta láti ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì: "Kábéèjì mi! Wọ́n ti wọnú ọgbà mi!"

Ìyá Gunnild kò tilẹ̀ ronú. Ó ki ìka méjì bọ ẹnu, ó súfèé tó máa ń sú nínú igbó. Bíṣọ́ọ̀bù fò dìde. Ara rẹ̀ nà, ikùn rẹ̀ wọlé, ó wọ́ Osbert tuurutu lórí koríko, ó wọ́ ọ dé inú ẹrọ̀fọ̀, ó sì lọ.

Osbert dìde. Òrùka wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí ajá nínú rẹ̀.

Ìjòyè Fulk gbé ife sílẹ̀. "Akọ̀wé, kọ ọ́ sílẹ̀: ajá kékeré."

"Ọlọ́lá! Kékeré bí i ti báwo? Òrùka yìí ló fẹ̀ jù! Thurstan ló ṣe é!"

"Irin ta ni, ọ̀gá?" mo bi í.

"Irin ọba."

"Ìlà ta ló wà lára rẹ̀?"

"Tèmi."

"Ta ló fẹ́ ẹwìrì?"

Ìjòyè Fulk ní, "Osbert, bí òrùka bá fẹ̀ jù, a jẹ́ pé a ní láti rọ òmíràn, ká tún yẹ gbogbo ajá òní wò látìbẹ̀rẹ̀, a kò sì ní jẹun títí di alẹ́. Ṣé òrùka náà fẹ̀ jù?"

Ìjòyè mọ́kànlá yòókù kọjú sí i.

"Kò fẹ̀ jù, Ọlọ́lá," ni Osbert wí.

Láti ẹ̀yìn ògiri ni a ti ń gbọ́ ẹlẹ́dẹ̀ tó ń han gooro bí ajá kékeré náà ti fi eyín mú un létí. Ìyá Gunnild ti mú ọ̀pá rẹ̀.

"Ẹ jẹun re o, ẹ̀yin ọlọ́lá. Iṣẹ́ ń dúró dè wá."