Ilé Tí Wọn Ò Fẹ́ ní Òkè-Ìrókò

Ọ̀gá Mùínàt ti kìlọ̀ fún un ní ọ́fíìsì pé kó má pe ìpàdé kankan. Ó ní ilẹ̀ ti wà, púláànù ti wà, àwọn bíríkìlà náà ti ṣe tán. Bí ilé bá ti lè kan òrùlé, ariwo àwọn ará àdúgbò Òkè-Ìrókò á rọlẹ̀ fúnra rẹ̀. Ilé tí wọ́n ń sọ yìí, ilé àwọn tí kò ríbi gbé ní Ìgbó-Ọrà ni, àwọn tó ń sùn sí ìsọ̀ ọjà tí ẹnikẹ́ni kì í kà mọ́ ará ìlú. Ọmọ Lánlátẹ̀ ni Mùínàt, káńsù ló gbà á síṣẹ́ láti máa rí sí irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀. Ó ti rí ibi tí wọ́n ti kọ́ irú ilé yìí rí láìbi ará àdúgbò léèrè. Kò pé oṣù mẹ́ta tí wọ́n fi tú ilẹ̀kùn àti fèrèsé rẹ̀ lọ. Ó ní òun máa bi wọ́n.

"Wọ́n á bú ẹ," ọ̀gá rẹ̀ sọ fún un.

Ó ní kí wọ́n bú òun.

Wọ́n sì bú u. Kíláàsì kan ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àdúgbò náà ni wọ́n ti ṣe ìpàdé, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Àwọn àgbààgbà jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọdé, orúnkún wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Nígbà tí Mùínàt kúnlẹ̀ kí wọn, kò sẹ́ni tó dáhùn àfi Bàbá Búrẹ́mọ̀, olórí àdúgbò, tó mi orí díẹ̀. Ó lẹ púláànù mọ́ ara pátákó, ó ń fọwọ́ tọ́ka sí i: yàrá mẹ́jọ nìyí, ilé ìdáná nìyí. Kò tíì débi kànga tí Tàjùdéèn fi dìde.

Tàjùdéèn, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Bàbá Hàkímù, ló ní ẹ̀rọ ìlagi tó wà lọ́nà Ìdèrè. Láti nǹkan bí ogún ọdún, kò sílé tí wọ́n kọ́ ní Òkè-Ìrókò tí pákó rẹ̀ kò sí níbẹ̀, nítorí náà, bó bá ń sọ̀rọ̀, wọ́n máa ń dákẹ́ gbọ́ ọ. Ó ní wèrè àti olè ni káńsù fẹ́ kó wá bá àwọn. Ó ní èèyàn gidi kì í ṣàì ní ẹbí, pé ẹni tí ẹbí rẹ̀ bá lé jáde, kó lọ wo ohun tó ṣe. Ó bi Mùínàt pé ọmọ ibo ni. Nígbà tí ìyẹn dáhùn, ó ní kó gbé ilé náà lọ síwájú ilé bàbá rẹ̀ ní Lánlátẹ̀. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

Tíṣà Keturah kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Òun ló kọ́ ìdajì àwọn tó wà níbẹ̀ níwèé kó tó fẹ̀yìn tì. Ohùn rẹ̀ tutù, ṣùgbọ́n òun gan-an ló mú ọkàn Mùínàt rẹ̀wẹ̀sì jù. Ó ní ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀ yẹn làwọn ọmọ ń gbà wá sílé ẹ̀kọ́. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ sí ọ̀kan nínú wọn, ta làwọn máa mú? Ó ní òun kò kórìíra ẹnikẹ́ni, kí wọ́n ṣáà má kọ́ ọ síbẹ̀. Mùínàt ń kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé. Ẹnì kan kígbe láti ẹ̀yìn pé kó kọ ọ́ gàdàgbà, kí ọ̀gá rẹ̀ lè rí i kà.

Nígbà tó jáde, wọ́n ti tú afẹ́fẹ́ inú táyà alùpùpù rẹ̀ méjèèjì. Ó tì í dé ojú títì, àwọn tó jókòó síwájú ilé sì ń wò ó. Bó ti ń tì í lọ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ sí i lọ́kàn pé àwọn tí wọ́n fẹ́ kọ́lé fún gan-an, òun kò tíì bi wọ́n ní nǹkan kan.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó lọ sọ́jà. Obìnrin kan tó tó ẹni àádọ́ta ọdún ló kọ́kọ́ bá, tó ń gbá ìsọ̀ tó sùn sí kí onísọ̀ tó dé. Làtíífàt lorúkọ rẹ̀, àpò gàrí tó ya ló máa ń rán fáwọn èèyàn láti fi jẹun. Mùínàt kí i, ó ṣàlàyé ara rẹ̀, ó sì ní kó wá sí ìpàdé kejì. Làtíífàt kò dá ìgbálẹ̀ dúró. Ó ní ṣé ìgbà tí wọ́n ti ya púláànù tán ni wọ́n ń wá bi òun? Ó ní òun kò ní lọ sí ìpàdé kankan. Lẹ́yìn náà ló béèrè pé àdúgbò wo ni wọ́n fẹ́ kọ́ ọ sí. Nígbà tó gbọ́ Òkè-Ìrókò, ó dúró, ó gbé ìgbálẹ̀ ti ògiri, ó ní òun máa wá.

Èrò ìpàdé kejì pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Làtíífàt wọlé pẹ̀lú Yẹ̀kínì, bàbá arúgbó kan tó ń sùn sí ìsọ̀ kejì tirẹ̀, tó ń fi ọ̀pá rìn. Bí wọ́n ti jókòó, àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì náà dìde lọ síbòmíràn. Tàjùdéèn wo Làtíífàt, ó yáa gbójú kúrò. Ó ní àwọn onílé nìkan ni ìpàdé yìí wà fún, kí ẹni tí kì í ṣe onílé máa lọ.

Làtíífàt dìde.

"Bàbá Hàkímù, ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo lò nínú ilé yín. Àbúrò yín ló fẹ́ mi wá síbẹ̀. Mi ò tíì jáde nínú opó Àbdùlàhí tí ẹ fi ní kí n kó ẹrù mi, pé mi ò bímọ fún un. Pákó lẹ kó sí yàrá mi. Mo gbọ́ pé ẹ ní ẹni tí ẹbí bá lé, kó lọ wo ohun tó ṣe. Ẹ bá mi sọ ọ́ fún wọn. Kí ni mo ṣe?"

Tàjùdéèn ní ọ̀rọ̀ ẹbí òun kọ́ ló kó àwọn jọ. Bàbá Búrẹ́mọ̀ ní ó ti di ọ̀rọ̀ gbogbo àwọn báyìí. Ó ní òun bi Tàjùdéèn nígbà yẹn pé ìyàwó olóògbé dà, tó sì sọ fún òun pé ó ti padà sọ́dọ̀ àwọn èèyàn rẹ̀ ní Ìgangan. Làtíífàt ní kò sẹ́nì kankan mọ́ ní Ìgangan. Bàbá àti ìyá òun ti kú, ilé wọn sì ti wó. Tàjùdéèn gbé fìlà rẹ̀ lórí tábìlì, ó jáde, bí ẹni mẹ́wàá sì tẹ̀ lé e.

Àwọn tó kù kò tìtorí ìyẹn fẹ́ràn Làtíífàt. Inú ń bí àwọn mìíràn sí i pé ó dójú ti àgbàlagbà láàárín àwùjọ. Tíṣà Keturah ló dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀, ojú rẹ̀ le koko.

"Ó dáa. Ìwọ tó o máa gbébẹ̀, kí lo fẹ́?"

Làtíífàt ní òun fẹ́ kí kọ́kọ́rọ́ yàrá àwọn obìnrin wà lọ́wọ́ àwọn obìnrin fúnra wọn. Ó ní púláànù tí wọ́n yà, ẹ̀yìn ilé ló kọ sí àdúgbò. Kí wọ́n yí i padà, kí ó kojú síta, torí àwọn kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi pamọ́. Tíṣà Keturah ní bó bá máa kojú síta, á jẹ́ pé ògiri gíga gbọ́dọ̀ wà láàárín rẹ̀ àti ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́. Làtíífàt ní ọgbà ẹ̀wọ̀n ló ní ògiri gíga. Wọ́n fà á títí wọ́n fi pe ìrun alásárì. Nígbẹ̀yìn, wọ́n fẹnu kò sí ògiri tí kò ní ju àyà Tíṣà Keturah lọ, Mùínàt sì fi téèpù wọ̀n ọ́n níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Bí wọ́n ti ń jáde, Tíṣà Keturah sọ fún Mùínàt pé òun kò tíì ní òun fẹ́ ilé náà o.

Wọ́n kọ́ ọ. Tàjùdéèn kọ̀ láti ta pákó fún wọn, Èrúwà ni wọ́n ti lọ rà á. Kì í dá Mùínàt lóhùn mọ́ bó bá kí i, ilé Bàbá Búrẹ́mọ̀ náà, kì í yà síbẹ̀ mọ́.

Àwọn mọ́kànlá ló kó wọlé lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí i. Kò sẹ́ni tó wá kí wọn kú orí ire ilé tuntun. Làtíífàt mú yàrá tó sún mọ́ títì jù, ó ń rán àpò rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Láràárọ̀ ni Tíṣà Keturah ń wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri títí ọmọ tó gbẹ̀yìn fi kọjá. Òun àti Làtíífàt a máa wojú ara wọn, wọn kì í sọ̀rọ̀. Yẹ̀kínì ní tirẹ̀ a jókòó síwájú ilé, a máa kí gbogbo ẹni tó bá ń kọjá. Ọ̀pọ̀ wọn kì í jẹ́ ẹ.

Ó ń kí wọn bẹ́ẹ̀ náà.