Ẹni Tí Wọ́n Máa Pè

“Àwọn ará ilé yín ńkọ́?”

Mabel ló béèrè, ìyàwó Joshua tí òun àti Rùkáyàt jọ ń ṣiṣẹ́. Ó pọn ọmọ kan sẹ́yìn, ó sì ń fi ọwọ́ fa èkejì tó fẹ́ sá lọ sétí odò. Rùkáyàt ṣe bí ẹni pé okùn akoto tó dé sórí ló ń dà á láàmú.

“Èmi nìkan ni mo wá. Mo fẹ́ gun kẹ̀kẹ́.”

“Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ò lè fẹsẹ̀ gun òkè yẹn, ká má tíì sọ pé mo wà lórí kẹ̀kẹ́.”

Nítorí irú ìbéèrè yẹn gan-an ló ṣe forúkọ sílẹ̀ fún ìdíje kẹ̀kẹ́ náà. Nígbà tí iléeṣẹ́ wọn ní Yaba kéde òpin ọ̀sẹ̀ ẹbí, pé kí kálukú kó ìyá, bàbá, ọkọ, aya àti ọmọ rẹ̀ dání lọ sí àgọ́ ìgbafẹ́ kan láàárín àwọn òkè ẹ̀yìn Abẹ́òkúta, ó ti fẹ́ sọ pé ara òun ò yá. Ìgbà tó gbọ́ pé wọn yóò fi kẹ̀kẹ́ sáré gba inú igbó àti orí àpáta lọ́jọ́ Sátidé ni ọkàn rẹ̀ yí padà. Ẹni tó bá dá jókòó sábẹ́ igi ni wọ́n máa ń béèrè ẹbí lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́, ọ̀nà ni wọ́n máa ń yà fún un.

Ó ti di ẹni ọdún mọ́kànlélógójì. Ọdún méje ti kọjá tí ìgbéyàwó rẹ̀ ti tú ká láìsí ọmọ, òun nìkan ló sì ń gbé yàrá kan ní Súrùlérè látìgbà náà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa dáhùn ìpè àwọn oníbàárà láti aago mẹ́jọ àárọ̀ sí márùn-ún ìrọ̀lẹ́: “Ẹ káàárọ̀ mà, Rùkáyàt ló ń bá yín sọ̀rọ̀, kí la lè ṣe fún yín?” Tó bá ti ṣíwọ́ lọ́jọ́ Ẹtì, ó lè di àárọ̀ ọjọ́ Ajé kí ẹnikẹ́ni tó tún dárúkọ rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ ló fi ń lé òpin ọ̀sẹ̀ lọ. Láti bí ọdún méjì sẹ́yìn, ìdájí kì í bá a lórí ibùsùn. Á ti máa gun kẹ̀kẹ́ yí pápá ìṣeré ká títí àwọn mọ́tò yóò fi gba títì mọ́ ọn lọ́wọ́.

Wọ́n fun fèrè. Èèyàn méjìlélógójì ló gbéra, mọ́kànlá nínú wọn sì jẹ́ obìnrin. Kìlómítà méjìdínlógún ni gbogbo rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọn yóò sì yí òkè náà ká.

Rùkáyàt kò bá wọn kánjú. Ó jẹ́ kí àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn ń gbóná tú eruku síwájú. Wọ́n la odò kékeré kan kọjá, wọ́n gba orí yanrìn, wọ́n wọ abẹ́ igi gẹdú tí ewé gbígbẹ ti bo ọ̀nà mọ́lẹ̀. Nígbà tí ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í ga, ó yí jíà rẹ̀ sí èyí tó fúyẹ́ jù, ó sì ń wa ẹsẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń bá wọn, tí wọ́n ti sọ̀ kalẹ̀, tí wọ́n ń ti kẹ̀kẹ́ bí ẹni ń ti ẹran tí kò fẹ́ relé. Nígbà tí wọ́n fi máa yí òkè ká lẹ́ẹ̀kan, ó ti di ẹni kẹta nínú àwọn obìnrin.

Ibi tí wọ́n ti ń yí náà ni àwọn ẹbí tò sí. Àwọn ọmọdé ń lu agolo. “Dádì, ẹ má dúró o!” “Motọ́! Motọ́!” Motọ́lání, ọ̀dọ́bìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí iléeṣẹ́ wọn, ló wà níwájú, ìyá rẹ̀ ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ike omi lọ́wọ́. Nígbà tó kan Rùkáyàt, ariwo náà lọ sílẹ̀. Ẹnì kan wo nọ́ńbà àyà rẹ̀, ó ní, “Nọ́ńbà kẹtàdínlógún, ẹ kú ìgbìyànjú.” Mabel pàtẹ́wọ́ fún un. Inú rẹ̀ dùn sí àtẹ́wọ́ yẹn ju bó ṣe yẹ lọ, ìyẹn sì dùn ún.

Nínú igbó, lẹ́ẹ̀kejì, kò rí ẹnikẹ́ni níwájú, kò rí ẹnikẹ́ni lẹ́yìn. Ṣéènì kẹ̀kẹ́ rẹ̀ àti èémí rẹ̀ nìkan ló ń gbọ́. Ó rò pé yóò ti rẹ òun, àmọ́ ńṣe ni ẹsẹ̀ rẹ̀ fúyẹ́. Ó bá obìnrin tó ṣìkejì níbi odò, ó kọjá lára rẹ̀. Nígbà tó gun orí òkè tán, ó rí ẹ̀yìn Motọ́lání pẹ̀lú aṣọ rẹ̀ aláwọ̀ ìyeyè, kò ju àádọ́ta ìṣísẹ̀ lọ. Ó pẹ́ tí nǹkan kan ti wù ú bí ìyẹn ṣe wù ú.

Láti ibẹ̀, orí àpáta ni wọn yóò gbà sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ sọ̀ ọ́ láìṣubú gbọ́dọ̀ sún ìdí sẹ́yìn, kó má sì wo ibòmíì ju ibi tí táyà rẹ̀ máa tẹ̀ lọ. Rùkáyàt mọ èyí. Ó sún sẹ́yìn, ó fọwọ́ kan bíréèkì jẹ́jẹ́, táyà iwájú sì dorí kọ ìsàlẹ̀.

“Rùká!”

Bí ìyá rẹ̀ ṣe máa ń pè é nìyẹn. Ó gbójú sókè.

Ọkùnrin kan tó wà nísàlẹ̀ ló ń pe ọmọ rẹ̀ tó sún mọ́ ojú ọ̀nà. “Lúkà! Kúrò níbẹ̀!”

Táyà wọ inú ihò àpáta. Rùkáyàt rí ojú ọ̀run, lẹ́yìn náà kò rí nǹkan kan mọ́.

Abẹ́ àgọ́ ìtọ́jú ló ti mọ ibi tó wà. Nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Glory ń na ìka sí i lójú.

“Mélòó nìyí?”

“Mẹ́ta.”

“Ọjọ́ wo ni òní?”

“Sátidé.”

“Ó dáa. Ẹ má dìde.” Ọrùn ọwọ́ òsì Rùkáyàt ti wú, orúnkún rẹ̀ ti bó. Akoto rẹ̀ wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó là láti iwájú dé ẹ̀yìn bí igbá. Glory yí nọ́ńbà àyà rẹ̀ padà, ibi tí wọ́n kọ nọ́ńbà fóònù ẹni tí wọ́n máa pè sí bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù tirẹ̀, ó gbé e sétí.

Fóònù kan dún nínú báàgì Rùkáyàt, èyí tí Joshua ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wọlé.

Glory wo báàgì náà. Ó pa ìpè, ariwo dákẹ́. Ó tún pè, báàgì tún dún.

Lọ́jọ́ tí wọ́n pín fọ́ọ̀mù ní Yaba, Rùkáyàt ti di bírò mú lórí àlàfo yẹn fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn rẹ̀, Motọ́lání ń ṣàwàdà pé bí àwọn bá pe ìyá òun, á dé kí ọkọ̀ aláìsàn tó dé. Ni Rùkáyàt bá kọ nọ́ńbà síìmù rẹ̀ kejì síbẹ̀. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe ń ṣe nìyẹn.

Glory kò rẹ́rìn-ín. Ó fa àpótí kan, ó jókòó.

“Àǹtí, mi ò lè jẹ́ kí ẹ bá bọ́ọ̀sì padà kí ẹ lọ dá sùn. Orí lẹ gbá mọ́ àpáta. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà lọ́dọ̀ yín dọ̀la, ẹni tó mọ̀ yín, tó lè mọ̀ bí ọ̀rọ̀ yín bá ń dà rú.”

“Kò sí nǹkan tó ṣe mí.”

“Mo gbọ́. Ta ni ká pè?”

Joshua ní kí ó tẹ̀ lé àwọn lọ sílé, pé Mabel á tọ́jú rẹ̀. Rùkáyàt dúpẹ́ gan-an. Ó wo Mabel lẹ́nu ọ̀nà àgọ́, ọmọ kan lẹ́yìn, ọmọ kan lọ́wọ́, ó sì mọ̀ pé òun ò ní lọ. Ó pa ojú dé. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi,” ló bá ń ka nọ́ńbà mọ́kànlá náà jáde láìṣì kan.

Ọdún mẹ́rin sẹ́yìn ló ti pa nọ́ńbà yẹn rẹ́ nínú fóònù rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Àkàngbé kò yí i padà rí láti ìgbà tí Rùkáyàt ti wà nílé ìwé, tó ń tò sórí ìlà láti pè é. Àwọn méjèèjì nìkan ni ìyá wọn bí. Ilé Àkàngbé ní Mushin ni ìyá náà ti kú, láàárọ̀ ọjọ́ kan tí Rùkáyàt wà nínú gbọ̀ngàn ìdánwò iṣẹ́ ní Àbújá, tí wọ́n ti gba fóònù lọ́wọ́ gbogbo wọn lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tó jáde nírọ̀lẹ́, ó bá ìpè mọ́kànlá. Wọ́n ti sin ín. Ẹ̀sìn kò fẹ́ kí òkú pẹ́ nílẹ̀, ó mọ ìyẹn. Àmọ́ nígbà tó dé ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, tó bá erùpẹ̀ tó ti ń gbẹ, kò rántí ohun tí ẹ̀sìn wí. Lubabah, ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀, na ọwọ́ láti dì mọ́ ọn, Rùkáyàt ti ọwọ́ náà kúrò. Ó sì kọjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ní, “Ẹ ti gbà á lọ́wọ́ mi. Ẹ má pè mí mọ́.”

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe bó ṣe wí. Ìyẹn ló dùn ún jù. Kò rò pé á ṣe bẹ́ẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n Àǹtí Rùkáyàt ni?” ni Glory ń sọ sínú fóònù. “Wọ́n ṣubú lórí kẹ̀kẹ́, sà.”

Ohùn ọkùnrin kan ní, “Ṣé ó ń sọ̀rọ̀?”

“Wọ́n ń sọ̀rọ̀, sà.”

“Níbo lẹ wà?”

Ó gbà á tó wákàtí mẹ́ta kó tó dé. Wọ́n pín ẹ̀bùn. Wọ́n fi àmì ẹ̀yẹ kọ́ Motọ́lání lọ́rùn, ìyá rẹ̀ sì gbà á, ó fi kọ́ ọrùn tirẹ̀. Rùkáyàt jókòó lẹ́nu àgọ́ pẹ̀lú ọwọ́ tí wọ́n ti dì. Ìdílé kan wá bá a: “Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa yà á.” Ó fi ọwọ́ kan tó dá gba fóònù wọn, ó ya fọ́tò mẹ́ta fún wọn, ó sọ fún bàbá wọn kó sún mọ́ àwọn ọmọ.

Nígbà tó fi máa gbójú sókè, Àkàngbé ti ń bọ̀ láti ibi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí. Ìjókòó mọ́tò ló ń rán ní Mushin. Èérún fóòmù ṣì wà lápá aṣọ rẹ̀. Irun ẹ̀bátí rẹ̀ ti funfun. Kò sí funfun yẹn níbẹ̀ nígbà tí Rùkáyàt fi í sílẹ̀.

Ó fẹ́ kúnlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ di èjìká rẹ̀ mú.

“Má kúnlẹ̀, orúnkún ẹ ti bó.”

“Ẹ kú ọ̀nà, Bọ̀ọ̀dá mi.”

“Ṣé orí ń fọ́ ẹ?”

“Díẹ̀.”

Ó bi Glory léèrè gbogbo ohun tó yẹ kó máa ṣọ́, ó tún un kà fún un lẹ́ẹ̀mejì kó má bàa gbàgbé. Ó gbé kẹ̀kẹ́ náà sẹ́yìn bọ́ọ̀sì kékeré tó fi ń kó ẹrù, ó sì tẹ́ fóòmù sórí ìjókòó iwájú kó tó jẹ́ kí àbúrò rẹ̀ jókòó.

Wọ́n kọjá Ìtórì. Ní Ìfọ̀, Àkàngbé dín eré kù.

“Àwẹ̀ró.” Láti ọjọ́ tí ìyá wọn ti kú, kò tíì sí ẹni tó fi oríkì rẹ̀ pè é. “Mo pè ẹ́ lọ́jọ́ yẹn.”

“Mo mọ̀. Mo rí i.”

“Ẹ̀yìn ìrun àìlà ni wọ́n fẹ́ gbé e. Mo ní kí wọ́n dúró. A kírun aláásárì, o ò tíì gbé fóònù. Gbogbo wọn ń wò mí.” Ó gba ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù kan kọjá kó tó tún sọ̀rọ̀. “Mo ti rò ó títí. Bó bá tún ṣẹlẹ̀ lónìí, n ò mọ̀ bóyá màá lè ṣe é yàtọ̀.”

Ọdún mẹ́rin ni Rùkáyàt ti ń retí kó ní òun ṣẹ̀. Kò sọ ọ́. Bó sì ṣe sọ tirẹ̀ yìí, kò jọ irọ́.

“Ta ló wẹ̀ ẹ́?” ló béèrè.

“Ṣé o ò mọ̀?”

“N ò béèrè.”

“Lubabah ni, àti ìyá àgbà kan láti mọ́sálásí. Lubabah ní kí wọ́n gbé omi kaná. Ìyá àgbà ní òkú kì í mọ òtútù, pé àwọn ti pẹ́. Lubabah ní Màámi kì í fẹ́ omi tútù, òun ò sì ní fi omi tútù wẹ̀ ẹ́. Gbogbo wa dúró títí omi fi lọ́ wọ́ọ́rọ́.”

Rùkáyàt yí ojú sí fèrèsé. Òótọ́ ni. Bí oòrùn ṣe lè mú tó, ìyá wọn á ki ọwọ́ bọ inú omi wò kó tó bu ú sára. Ó rántí ọwọ́ Lubabah tí òun tì kúrò, ọwọ́ tó ti wẹ ìyá wọn lọ́jọ́ tó ṣáájú. Kò rò ó wò nígbà yẹn.

Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí wọ́n kọjá Òṣòdì. Ojú ọ̀nà ilé Àkàngbé ní Mushin wà níwájú lọ́wọ́ ọ̀tún, àmọ́ àárín títì ni Àkàngbé wà, ó ń lọ sí Súrùlérè.

“Màá jókòó tì ẹ́ dọ̀la,” ni ó wí. “Ṣé àga wà níbẹ̀?”

“Ẹ má lọ sí Súrùlérè.”

Ó wò ó. “Lubabah ò mọ̀ pé ò ń bọ̀ o.”

“Ẹ yà síbí,” ni Rùkáyàt wí. “Màá kanlẹ̀kùn.”