Bàbá, Ẹ Fún Mi Lókùn

Ẹ̀rù máa ń bà mí. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ka ìtàn yìí dé ìdajì kó tó mọ̀. Ìsàlẹ̀ ilé ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, yàrá ẹ̀yìn rẹ̀ là ń gbé, bí gílóòbù bá sì jó, ìyàwó mi ló máa ń gun àga láti pààrọ̀ rẹ̀. Èmi á di ẹsẹ̀ àga mú. Mo mọ̀ ọ́n dì mú dáadáa. Àga náà niṣẹ́ mi: àga ìrọ̀gbọ̀kú tó ti ya, tí fóòmù rẹ̀ ti rì, èmi ni mò ń rán an padà.

Ọlọ́run wá bá mi ṣàwàdà. Ó fún mi ní ọmọbìnrin kan, ọ̀kan ṣoṣo, ìyẹn ní ògiri lòun máa máa gùn.

Kì í ṣe ògiri ọgbà o. Ògiri ìdíje ni. Pákó ni wọ́n fi ṣe é, ó ga ju ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lọ, òkè rẹ̀ sì tẹ̀ síta bí ọ̀mùtí tó fẹ́ wó lu èèyàn. Wọ́n á kan nǹkan aláwọ̀ mèremère mọ́ ọn lára káàkiri, òmíràn tóbi bí elégédé, òmíràn kò ju bọ́tìnì ẹ̀wù lọ. Ìdìmú là ń pè wọ́n. Ọmọ á so okùn mọ́ ìbàdí, á máa gùn ún lọ, bó bá sì ti dé ibi tí ìkọ́ irin wà, á fa okùn yẹn sókè, á fi kọ́ ọ. Ẹnì kan á wà nílẹ̀ tó di okùn náà mú. Bí ọmọ bá já, ẹni ilẹ̀ ló máa gbà á sílẹ̀. Ìdìmú kọ̀ọ̀kan ní máàkì tirẹ̀, ẹni tó bá ga jù ló borí. Ó tán.

Alángbá ni wọ́n ń pe ọmọ mi. Ìyá rẹ̀ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nígbà tó ṣì ń gun férémù ilẹ̀kùn wa, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára débi pé àwọn tó ń kéde ìdíje náà ń fi pè é.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, ìdíje àgbáyé ń lọ láti ìlú dé ìlú. Ní ìlú àkọ́kọ́, níbi tí òtútù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gé e níka, Alángbá ṣe ipò kẹfà. Ní ìkejì, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀ nígbà tí kò tíì gùn jìnnà, kò débi àṣekágbá. Ní ìkẹta, ó ṣe ipò kejì! Ìyá rẹ̀ ló ń wa ọkọ̀ búrẹ́dì. Ó fọn fèrè yí àdúgbò ká, àwọn èèyàn sì ń sáré jáde pẹ̀lú abọ́ àti owó, wọ́n rò pé búrẹ́dì gbígbóná ti dé.

Nígbà tí wọ́n ro gbogbo máàkì pọ̀, Alángbá wà nípò kẹrin. Ó ku ìdíje kan ṣoṣo, ìlú tiwa ni wọ́n sì ti máa ṣe é. Àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́ ni wọ́n máa pè sí ìdíje ńlá tọdún tó ń bọ̀. Ẹni kẹrin á máa wò wọ́n nínú fóònù. Ẹni tó wà nípò kẹta jẹ́ ọmọbìnrin kan tá a sọ ní Akọ̀wé nílé wa, nítorí pé jẹ́jẹ́ ló ń gùn, bí ẹni ń kọ lẹ́tà sí àna. Díẹ̀ ló fi ju tiwa lọ. Bí Alángbá bá ti lè ga jù ú níbi ìdíje ìkẹyìn, ó parí.

Àsìkò yẹn gan-an ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó máa ń bá a di okùn mú níbi ìdánrawò lọ bímọ.

Alángbá wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó bá mi níbi tí mo ti ń já ìṣó lára àga.

"Bàbá mi, ẹ̀yin lẹ máa bá mi di okùn mú."

"Èmi wo?"

"Ṣé bàbá mi pọ̀ ni?"

Ìyá rẹ̀ tó ń jẹun lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, oúnjẹ há a lọ́nà ọ̀fun. Nígbà tó wúkọ́ tán, ó ní, "Bàbá Alángbá, ẹ kú oríire o. Ẹ ti kúrò nídìí ẹsẹ̀ àga, ẹ ti dé ìdí okùn. Ìgbéga dé!"

Mo ní kí kóòṣì tó ń kọ́ ọ di okùn náà mú. Alángbá ní kóòṣì gbọ́dọ̀ dúró lókèèrè kó lè máa wo ẹsẹ̀ òun. Mo ní kí ìyá rẹ̀ wá. Ìyá rẹ̀ ní ṣé kí búrẹ́dì máa wa ara rẹ̀ ni. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Mo gbà.

Kóòṣì jẹ́ obìnrin kúkúrú kan, ohùn rẹ̀ ṣe wẹ́kú pẹ̀lú gbọ̀ngàn ńlá tí wọ́n ti ń dánra wò. Ó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Irin kan wà ní ìbàdí mi tó máa ń gán okùn bí ọmọ bá já. Ó ní kí n má bẹ̀rù. Mo ní mo ti gbọ́. Gbígbọ́ kò le.

Alángbá gùn ún lọ. Ó kọ́ ìkọ́ àkọ́kọ́, ó kọ́ èkejì. Ó dé ibi ìkọ́ kan tó ga, ó fi ọwọ́ kan di ògiri mú, ó fi ìkejì fa okùn. Okùn kò wá. Ó pariwo, "Bàbá mi, ẹ fún mi lókùn!" Mo gbọ́ ọ ketekete. Ọwọ́ mi ló kọ̀. Nídìí iṣẹ́ tiwa, okùn tó bá dẹ̀, ọ̀tá ni. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ kò ní ọ̀rọ̀ méjì: fà á, kó le. Mo fà á. Ó le. Alángbá kúrò lára ògiri, ó rọ̀ sófuurufú.

"Bàbá mi! Ẹ ń fà mí bí ewúrẹ́!"

"Ṣé o ò ṣubú ṣá?"

"Ẹ̀yin lẹ fà mí já!"

A tún un ṣe, ó tún rí bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, bákan náà. Nígbà kan tó tiẹ̀ já fúnra rẹ̀, okùn ti le jù, ó gbé e lu ògiri, orúnkún rẹ̀ sì wú. Kóòṣì fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Bàbá, ẹ fẹ́ràn ọmọ yín jù."

"Ṣé ìyẹn náà burú ni?"

"Nílé, kò burú. Níbí, ẹ ń ṣe é léṣe."

Ohun tí kóòṣì kò sọ, èmi ti rí i. Ojú mi kì í sùn. Alángbá ti bẹ̀rẹ̀ sí í wo ilẹ̀. Tẹ́lẹ̀, bó bá ti ń gòkè, òkè ló máa ń wò. Nísinsìnyí, kó tó fa okùn, á kọ́kọ́ wo ìsàlẹ̀, á wo ọwọ́ mi. Ẹ̀rù mi ti gba inú okùn gòkè lọ bá a.

Mo sọ fún un nílé pé kó wá ẹlòmíràn. Ó ní kò sí ẹlòmíràn tó máa ráyè lójoojúmọ́. Ìyá rẹ̀ wò wá lọ, ó wò wá bọ̀.

"Gbé bàbá rẹ gun ògiri náà."

Mo rẹ́rìn-ín. Èmi nìkan ló rẹ́rìn-ín.

Ẹ wá wò mí lọ́jọ́ kejì. Bẹ́líìtì ti fún mọ́ mi nítan, wọ́n fi ẹfun pa ọwọ́ mi kó má baà yọ̀, àtẹ́lẹwọ́ mi ń ṣòógùn nínú ẹfun náà títí ó fi di ẹ̀kọ. Ògiri àwọn ọmọdé ni wọ́n gbé mi lọ, Alángbá ló sì di okùn mi mú. Ọmọbìnrin kékeré kan tí eyín iwájú rẹ̀ ti yọ sọ fún mi pé, "Ẹ má wo ilẹ̀, bàbá." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo gùn ún. Mo ga tó kọ́bọ́ọ̀dù. Ìkọ́ kan wà lókè orí mi, mo fa okùn láti fi kọ́ ọ. Okùn kò wá. Mo tún fà á. Nǹkan fa ìbàdí mi sílẹ̀, ẹsẹ̀ mi bẹ̀rẹ̀ sí í jó láìsí ìlù.

Mo ké, "Alángbá! Okùn ti le!"

Ó dáhùn láti ìsàlẹ̀, ohùn rẹ̀ tutù bí omi àmù, "Mo ń tọ́jú yín ni, bàbá mi."

"Má tọ́jú mi mọ́! Fún mi lókùn! Mo ní kí o fún mi lókùn!"

Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Kóòṣì jókòó sílẹ̀ gbàgà. Alángbá dẹwọ́, okùn sì wá, ó rọ̀ ní ọwọ́ mi, mo kọ́ ọ. Lẹ́yìn náà ni mo já. Mo já pẹ̀lú okùn tó dẹ̀ yẹn, ó sì gbé mi sókè sódò pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí àga tí fóòmù rẹ̀ ṣì tuntun. Mo wà níbẹ̀, mò ń mì, mò ń ronú. Bó ṣe rí rèé? Ẹni tó wà nílẹ̀ ló ń fi ẹ̀rù dá ẹni tó wà lókè padà?

Láti ọjọ́ yẹn, mo ń fún un lókùn. Kò rọrùn. Ọwọ́ ọ̀tún mi á fún un, ọwọ́ òsì á fẹ́ gbà á padà, màá bá a wí. Díẹ̀díẹ̀, Alángbá kò wo ilẹ̀ mọ́.

Ọjọ́ ìdíje pé. Níbi ìdíje, àwọn tó ṣètò rẹ̀ ló ń yan ẹni tó máa di okùn mú, bàbá ẹnikẹ́ni kò sí nínú rẹ̀. Èmi àti ìyá rẹ̀ jókòó láàárín èrò. Wọ́n ti àwọn tó ń díje mọ́ yàrá kan, kí wọ́n má baà rí bí ẹlòmíràn ṣe gùn ún. Akọ̀wé jáde ṣáájú tiwa. Ó gùn ún jẹ́jẹ́, jẹ́jẹ́, ó kọjá ibi tí gbogbo èèyàn ti já, ó di ìdìmú aláwọ̀ òféèfèé kan mú lókè tente, ó já. Èrò hó yèè.

Ìyá Alángbá ní, "Ọmọ yẹn mà gùn ún o. Inú ń bí mi."

Alángbá jáde. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ onírùngbọ̀n kan ló di okùn rẹ̀ mú. Mi ò wo ọmọ mi ní tèmi. Ọwọ́ ọkùnrin yẹn ni mo tẹjú mọ́. Ó ń fún un lókùn, èmi náà ń fún un. Mi ò mọ̀ pé ọwọ́ mi ń lọ títí mo fi da omi ẹni tó jókòó tì mí nù.

Onítọ̀hún ní, "Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, kí lẹ ń fà?"

"Mi ò fà á, ọ̀gá mi. Mò ń tú u sílẹ̀ ni."

Ó sún síwájú díẹ̀.

Ìgbà tó dé ibi ìkọ́ tó ga jù ni mo tó gbé ojú sókè. Alángbá di ìdìmú òféèfèé mú. Ó fa okùn, okùn wá, ó kọ́ ọ. Kò wo ilẹ̀. Ó mí, ó sì fò sí ìdìmú tó kàn. Ìka rẹ̀ wọ inú rẹ̀, ó dì í mú, ara rẹ̀ yí síta, ó dì í mú síbẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ wá ibi tó máa tẹ̀, kò rí. Ó já. Ó já jìnnà. Mo rí gbogbo rẹ̀, láti òkè dé ibi tí okùn ti gbà á, tó sì ń mì síhìn-ín sọ́hùn-ún, tó ń rẹ́rìn-ín.

Orúkọ rẹ̀ bọ́ sí ojú pátákó. Ipò kẹta, ti sáà pátápátá. Ìdìmú kan péré ló fi ju Akọ̀wé lọ. Akọ̀wé fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ sá wá dì mọ́ ọn.

Nígbà tí wọ́n jẹ́ ká sún mọ́ ọn, ẹfun ti pa á lójú, ó funfun bí ẹni jáde látinú àpò ìyẹ̀fun.

"Bàbá mi, nígbà tí mo já, ṣé ẹ dijú?"

"Mi ò dijú."

"Irọ́!"

"Mo ní ojú mi là kedere. Ìyá rẹ ló dijú. Ó tún di apá mi mú, wo ibi tó fún mi."

A jọ yíjú sí ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ tún gèlè rẹ̀ ṣe.

"Ta ló dijú? Èmi? Mo ń ka owó búrẹ́dì lọ́kàn ni."