Ìdílé Afọ́jú

Ọdún 1994 ni ojú Ìgbẹ́kẹ̀lé bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yunifásítì ni. Ó ń rí ohun tó wà níwájú rẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n ó ń kọlu òpó iná àti ènìyàn tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Bàbá rẹ̀, Adésọjí Láoyè, ni ọ̀gá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Òkèrèwè. Tíṣà ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Kò wádìí rárá kó tó mọ ẹni tí yóò dá lẹ́bi. Afọ́jú ni Àlàájì Lágúnjú, ẹ̀gbọ́n bàbá ìyàwó rẹ̀. Nígbà tí ẹbí pé jọ sí pálọ̀ rẹ̀, ó sọ ọ́ níṣojú gbogbo wọn:

"Ìdílé afọ́jú ni mo lọ fẹ́yàwó, mi ò mọ̀. Ẹ̀jẹ̀ wọn ló ba ọmọ mi jẹ́."

Fàòsíyà, ìyàwó rẹ̀, ń gbé omi wọlé fún àwọn àlejò lọ́wọ́ kan náà. Ó gbé e kalẹ̀, ó kúnlẹ̀ kí àwọn àgbà, ó wọ yàrá lọ. Lọ́jọ́ kejì, ó ru ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ padà sílé bàbá rẹ̀ ní Ilare. Ìgbẹ́kẹ̀lé tẹ̀ lé e.

Bẹ́ẹ̀ sì ni ìyá Tíṣà alára ò ríran mọ́ kó tó kú. Abímbọ́lá, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, náà ti fọ́jú. Ṣùgbọ́n Tíṣà ní ọjọ́ ogbó ló pa ojú ìyá òun, ó ní oògùn ayédèrú ló ba ti ẹ̀gbọ́n òun jẹ́. Ti ilé ẹlòmíì nìkan ló jẹ́ àrùn ìdílé.

Nígbà tó yá, dókítà tó ń tọ́jú Ìgbẹ́kẹ̀lé, Fọláṣadé Oyèlárán, wá sọ́dọ̀ Tíṣà. Ó ń ṣèwádìí nípa àwọn ìdílé tí àrùn ojú yìí ń bá jà, ó sì fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ lára wọn, àtẹni tó fọ́jú àtẹni tó ríran, níhà bàbá àti níhà ìyá. Tíṣà fọwọ́ sí i kíákíá. Ó ń retí kí sáyẹ́ǹsì gbè é lẹ́yìn.

Ìwádìí náà pẹ́ gan-an kí dókítà tó ránṣẹ́ pè é sí ọ́fíìsì rẹ̀.

"Ẹ jókòó, sà. Inú jíìnì ni àrùn yìí wà, ohun tí òbí ń fún ọmọ látinú ẹ̀jẹ̀. A ò tíì rí jíìnì ọ̀hún fúnra rẹ̀, àmọ́ a ń tọ ipasẹ̀ àwọn àmì tó ṣeé ṣe kó wà nítòsí rẹ̀. Tí àmì kan bá ń bá àrùn rìn láti ara òbí dé ara ọmọ, a máa ṣírò rẹ̀ bóyá èèṣì ni."

"Báwo lẹ ṣe ń mọ̀ pé kì í ṣe èèṣì?"

"Tẹ́ ẹ bá ta kọ́bọ̀ sókè lẹ́ẹ̀mejì, tó jẹ́ pé orí ló hàn, ẹ ó ní ó kàn ṣe kòńgẹ́ ni. Tó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ ṣáá, ẹ ó mọ̀ pé nǹkan wà nídìí kọ́bọ̀ yẹn. Ìdí nìyẹn tá a fi ro ìdílé yín pọ̀ mọ́ ti àwọn mìíràn. Ó ti kọjá èèṣì."

Tíṣà rẹ́rìn-ín. "Mo ti sọ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ilare ló ti wá."

Dókítà mi orí. "Rárá, sà. Àlàájì ní kí n sọ fún yín pé àmì náà ò sí lára àwọn. Kòkòrò tó ń jẹni létí odò ló fọ́ ojú wọn, níbi tí wọ́n ti ń dáko. Lára yín la ti bá a. Ẹ jẹ́ kí n yẹ ojú yín wò."

Tíṣà jẹ́ kó yẹ ojú rẹ̀ wò. Kì í ṣe ojú tirẹ̀ ló ń rò. Ó ń rántí bí Fàòsíyà ṣe kúnlẹ̀ kí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ èébú ìdílé rẹ̀. Nígbà tó jáde, tó ń gba Sábó kọjá, ẹnì kan ké pè é pé, "Tíṣà!" Ó ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, ó yára ṣí ẹsẹ̀ lọ sí Ilare.

Fàòsíyà ń ránṣọ lọ́wọ́, Àlàájì sì jókòó lórí ẹní. Tíṣà dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ta ló wọlé?" Àlàájì bèèrè.

Fàòsíyà ń wo ọkọ rẹ̀ nílẹ̀, kò dáhùn. Ó wá di dandan kí Tíṣà fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́.

"Èmi Adésọjí ni, sà. Mo wà lórí ìdọ̀bálẹ̀. Ìdílé tèmi ni àrùn yẹn ti wá. Mo purọ́ mọ́ yín."

"O ò purọ́," Àlàájì ní. "O ò kàn fẹ́ wádìí ni. Dìde."

Kò lè dìde. Fàòsíyà dá ẹ̀rọ dúró.

"Bàbá Ìgbẹ́kẹ̀lé, níṣojú ẹbí yín lẹ ti tàbùkù wa. Ibẹ̀ náà ni kẹ́ ẹ ti lọ kó ọ̀rọ̀ yín jẹ."

Tíṣà pe ẹbí jọ, ó sọ fún wọn pé ìdílé òun ni àrùn náà ti wá. Inú bí Abímbọ́lá. "Ṣé èmi àti Ìyá lo wá sọ di afọ́jú ìdílé lónìí?"

"Èmi náà wà lára wọn, ẹ̀gbọ́n mi." Ojú tì í débi pé kò lè gbé orí sókè títí tí wọ́n fi tú ká.

Fàòsíyà ò padà sí Òkèrèwè. Ọsibítù ni wọ́n ti ń pàdé, nítorí dókítà ti rí i pé ojú Tíṣà náà ti ń bàjẹ́. Wọ́n á jókòó lórí bẹ́ńṣì kan náà, ọmọ wọn á wà láàárín. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, oògùn tí Tíṣà ń kán sójú ń ṣàn sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Fàòsíyà dìde, ó gba ìgò náà, ó kán an fún un.

"Ẹ má nù ún," ó ní, ó sì padà síjòókòó rẹ̀.